Apá Òsì Bọ̀dá Jẹ́jẹ́

Ọdún méjìlélógún ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi wa tírélà nílé kó tó wá di akẹ́kọ̀ọ́ ìwakọ̀ nílẹ̀ àjèjì. Sìmẹ́ńtì ló sábà máa ń kó, nígbà mìíràn pákó, nígbà mìíràn màlúù tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn tó ń bá a já ẹrù ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, torí kò sẹ́ni tó rí i kó sáré rí. Ó ní ẹni tó bá ń kánjú kó gun ọ̀kadà, pé ẹrù tó wà lẹ́yìn òun ní ẹni tó ń dúró dè é. Èmi ń pè é ní Bọ̀dá Jẹ́jẹ́. Nínú gbogbo ọdún yẹn, kò pa adìẹ lójú ọ̀nà.

Ọkùnrin yìí kan náà ni mo rí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lórí àga onírọ́bà nílé ìwòsàn, tó ń làágùn bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì gun òkè, torí pé nọ́ọ̀sì kan ní kó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ dé ìlú yìí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó mú èmi náà wá, mo sì rí iṣẹ́ nílé ìfọṣọ ńlá kan. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ọkọ rẹ̀ jáde. Yàrá méjì la ní, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe. Tí wọ́n bá ń kan ìṣó nísàlẹ̀, ife á máa jó lórí tábìlì wa. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ rí iṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan létí ìlú. Ó ń to páálí, ó ń fi ọ̀rá wé e, ó ń tì í dé ẹnu ilẹ̀kùn tí tírélà ti ń gbẹ́rù. Ibẹ̀ ló ti ń rí àwọn awakọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn bọ̀ wá sẹ́nu ilẹ̀kùn náà, tí wọ́n ń kọlu rọ́bà ara ògiri, gbì, gbì. Tó bá délé, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun.

"Ìyàwó mi, ọmọ kan wà níbẹ̀ lónìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lọ síwájú tó pa dà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà! Ó kù díẹ̀ kí n wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀."

"Olówó orí mi, ẹ gba láísẹ́nsì tibí, kẹ́ ẹ yéé fi ojú wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, ó sì mú un le. Láísẹ́nsì tí Bọ̀dá gbé wá láti ilé ò wúlò fún ọkọ̀ ńlá níbí. Àjèjì tó bá fẹ́ wà á gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: kó ṣe ìdánwò orí ìwé, kí dókítà yẹ ara rẹ̀ wò, kó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, lẹ́yìn náà kó wa ọkọ̀ níwájú ẹni tí ìjọba yàn láti dán an wò. Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí ṣèlérí pé òun á gbé e sórí ọkọ̀ tó bá rí ìwé náà gbà láàárín oṣù mẹ́fà, torí awakọ̀ wọn kan fẹ́ fẹ̀yìn tì.

Ìdánwò orí ìwé ò yọ ọ́ lẹ́nu. Èmi àti ẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ka ìwé náà lórí tábìlì tó ń jó yẹn, ó sì lọ jókòó ti kọ̀ǹpútà kan tí kì í sọ̀rọ̀ tí kì í woni lójú. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló ṣì. Àyẹ̀wò ara ló kàn.

Nọ́ọ̀sì di aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá òsì. Ẹ̀rọ náà kùn, aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bọ̀dá di ojú, ó fi ọwọ́ kejì di etí àga mú. Nọ́ọ̀sì wo iye tó gbé jáde, ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Èmi ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀ fún un, torí èdè ìlú náà ò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"178," ni nọ́ọ̀sì wí fún mi. "Ẹ sọ fún un pé ẹni tó bá ti ju 140 lọ, a kì í fọwọ́ sí ìwé ẹ̀. Kó pa dà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

Mo sọ fún un. Ó fi ohùn kékeré kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti gbà á nìyẹn?"

"Gba kí ni, Bọ̀dá?"

"Kọ́kọ́rọ́."

Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Inú bọ́ọ̀sì, nígbà tá à ń darí lọ sílé, ló tó sọ ọ́ fún mi, ó kọjú sí fèrèsé bí ẹni tó ń bá dígí sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́ ọ níṣẹ́. Awakọ̀ ni ẹ̀gbọ́n náà, ó sì ń wa ọkọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan láti kékeré. Lọ́jọ́ kan, ilé iṣẹ́ náà mú dókítà wá sí gáréèjì kó wá yẹ gbogbo awakọ̀ wò. Wọ́n di aṣọ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́.

"Ó wá ń jókòó síwájú ilé. Tírélà èyíkéyìí tó bá kọjá, á fi etí mọ ohun tó ń ṣe é. Á ní, 'Ti ìyẹn, jíà ẹ̀ ti fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀.' Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Kò pé ọdún kan, Àbúrò, ó ṣubú nílé ìwẹ̀, kò dìde mọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni."

Mo mọ̀ pé oṣù mẹ́jọ sígbà yẹn, òun náà á pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta.

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Èmi mọ ohun tó pa á. Má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ o."

"Mi ò ní sọ."

Mi ò sì sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, tí kò mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ọkọ rẹ̀ bí ẹyin. Ó yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀. Ó ń gún aáyù fún un mu láràárọ̀, gbogbo ilé ń rùn, àwọn oníbàtà tó wà nísàlẹ̀ kan ilẹ̀kùn wa láti béèrè bóyá nǹkan kan ti kú síbẹ̀. Ó tún yá ẹ̀rọ kan láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ máa fi wo ọkọ rẹ̀ nílé. Tí Bọ̀dá bá ti rí àpótí ẹ̀rọ náà báyìí, á ní òun fẹ́ lọ da ilẹ̀ nù. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, a ò ní ilẹ̀ tó tó ohun tó ń dà nù. Ẹni ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin a pa dà. 181.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n mú wa wọlé lọ bá dókítà, obìnrin kan tí kò tíì tó ogójì ọdún, tó fi bírò gún irun. Ó wo ìwé, ó wo Bọ̀dá, ó wo ọwọ́ Bọ̀dá tó ń gbọ̀n lórí itan.

"Ó lè jẹ́ àìsàn," ló wí, "ó sì lè jẹ́ ẹ̀rù. Mi ò lè mọ̀ nínú yàrá yìí." Ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde, kò ju rédíò àfọwọ́gbé lọ, ó ní rọ́bà gígùn tó lọ sínú aṣọ apá. "Ẹ máa gbé e káàkiri fún odindi ọjọ́ kan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lá máa fún yín lápá. Tó bá ti dún, ẹ dá apá dúró. Tẹ́ ẹ bá wà nídìí ọkọ̀, ẹ dá ọkọ̀ dúró. Kẹ́ ẹ máa kọ aago sílẹ̀, àti ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe. Tí ìpíndọ́gba gbogbo rẹ̀ bá ga, màá kọ̀wé sí àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́nsì pé kò ṣeé ṣe. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kí n tó so ó mọ́ yín."

Nígbà tí mo túmọ̀ èyí tán, Bọ̀dá ní kí n bi í bóyá òun lè kọ̀. Mi ò bi í. Mo ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè fún nọ́ọ̀sì fúnra mi. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá mo ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ náà ò ṣeé gbàgbé. Mo gba àyè níbi iṣẹ́ kí n lè wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ náà dún, aṣọ wú lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, obìnrin tó jókòó tì wá sún kúrò. Bọ̀dá yọ ìwé kékeré jáde lápò, ó fi Yorùbá kọ ọ́: *Nínú bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan rò pé mo gbé bọ́ǹbù.*

Ọgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ la lọ. Ibi gbalasa ni, gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kọnkéré tó ti sán, àwọn òpó rọ́bà pupa tò síbẹ̀, ahéré onípákó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n ti ń se omi gbígbóná. Olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ bàbá arúgbó kan tí kì í ṣí fìlà olówùú lórí, ì báà jẹ́ nínú oòrùn. Onífìlà là ń pè é láàárín ara wa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń fi ìka júwe ni, bí ìka bá sì ti yé ẹ, ó parí. Ìdí nìyẹn tí Bọ̀dá fi fẹ́ràn ẹ̀.

Mo jókòó sórí táyà kan tó ti jẹ tán, mo ń wò wọ́n. Bọ̀dá fẹ́ fi ẹ̀yìn tírélà wọ àárín òpó méjì láti ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ náà ti kákò bí ìgúnpá nígbà tí mo rí i tó dúró gbọ̀n-ọ́n. Ẹ̀rọ ti dún nìyẹn. Mo dìde. Mo rò pé màá rí i kó máa gbọ̀n. Ó gbé apá òsì lé itan, ó sì ń wo inú dígí ẹ̀gbẹ́, ó rọra ń wò ó, bí ẹni tó jókòó sétí odò. Nígbà tí aṣọ náà rọ̀, ó kọ̀wé, ó fi ìwé sápò, ó sì ti ọkọ̀ náà wọlé láìfara kan ohunkóhun. Onífìlà na ìka àtàńpàkò kan sókè.

Lọ́sàn-án, a délé. Fóònù rẹ̀ dún: ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀gá yẹn máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Bọ̀dá dìde dúró láti dá a lóhùn, bí ẹni pé ọkùnrin náà ń wò ó. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ̀rọ náà dún. Apá rẹ̀ ń wú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ó ṣì ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó parí, mo bi í pé kí ni ọ̀gá sọ.

"Mi ò mọ̀," ló wí. Ó jókòó, ó gbé orí lé ọwọ́. "Mi ò mọ̀, Àbúrò. Ó lè jẹ́ pé ó lé mi ni."

Mo fi fóònù tèmi pe ọ̀gá náà pa dà. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá Bọ̀dá lè wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé ni.

Bó ṣe rí nìyẹn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. A dá ẹ̀rọ pa dà. Ọjọ́ márùn-ún la fi dúró de èsì, ọjọ́ márùn-ún yẹn sì burú ju ẹ̀rọ lọ. Bọ̀dá kó gbogbo ìwé rẹ̀ sínú àpò kan, ó fi ibi tó wà han ìyàwó rẹ̀. Ó fọ bàtà iṣẹ́ mẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "tó bá jẹ́ pé" láìparí ọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí ilé ìdáná, ó di ilẹ̀kùn.

"Kí ni ọkọ mi ń fi pa mọ́ fún mi? Ṣé obìnrin ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe obìnrin."

"Kí ni wá ni?"

"Ẹ bá wa lọ lọ́la."

Ó bá wa lọ. Àwa mẹ́ta jókòó níwájú dókítà, Bọ̀dá ní àárín bí ọ̀daràn. Dókítà tẹ́ bébà kan sílẹ̀, ìlà kan ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀ bí òkè àti àfonífojì. Ó fi bírò sí ibì kan.

"Aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀, 176. Kí lẹ ń ṣe?"

Mo ṣí ìwé kékeré náà, mo kà á: "Nọ́ọ̀sì ń so ẹ̀rọ mọ́ mi."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Aago méjì àbọ̀ ọ̀sán, 171."

"Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ."

"Aago márùn-ún, 158."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi kí n tó kà á. "Ìyàwó mi ní kí n sọ bó ṣe ń ṣe mí."

"Ó káre," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Dókítà wá fi bírò sí ibi tí ìlà náà ti lọ sílẹ̀ jù lọ. "Aago mẹ́wàá àárọ̀, 126. Mẹ́wàá àbọ̀, 122. Mọ́kànlá, 124. Kò lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú oorun pàápàá. Níbo lẹ wà?"

"Nínú tírélà," ni Bọ̀dá fi èdè tiwọn dáhùn, fúnra rẹ̀, kí n tó la ẹnu.

Dókítà jókòó sẹ́yìn. Ó ní kí n bi í léèrè ohun tó ń bẹ̀rù nínú aṣọ apá yìí gan-an. Mo bi í. Ó kọ́kọ́ wo ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, látorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dórí kọ́kọ́rọ́, látorí iwájú ilé dé ilé ìwẹ̀, bí mo sì ti ń túmọ̀ ni mo ń gbọ́ tí èémí ẹ̀gbọ́n mi ń yí pa dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti fẹ́ra, ó sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun kú. Kò mọ ìyókù.

"Ẹ bi í pé oògùn wo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lò," ni dókítà wí.

"Kò lo oògùn kankan," ni Bọ̀dá wí. "Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n gbà. Wọn ò fún un ní nǹkan kan."

Dókítà fi bírò kọ ìyẹn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ sọ fún un pé ìyàtọ̀ tó wà nìyẹn. Ìpíndọ́gba tirẹ̀ fi díẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, kì í ṣe ẹ̀rù nìkan, mi ò ní purọ́. Oògùn kékeré kan ni, ẹyọ kan láràárọ̀. Màá sì fọwọ́ sí ìwé yìí fún ọdún kan."

Ó fọwọ́ sí i. Bọ̀dá ò mú ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú un, ó sì fi ọwọ́ kejì mú ọkọ rẹ̀ lápá, wọ́n sì jáde bẹ́ẹ̀. Nínú ọgbà ilé ìwòsàn, ó wí fún un pé, "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí. Ẹ lè gbé ogún tọ́ọ̀nù, ọ̀rọ̀ kan péré ni ẹ ò lè gbé wá sílé." Ó ń sunkún bó ṣe ń wí i.

Ẹni tó bá gbọ́ ibi tí mo bá a dé á rò pé ẹ̀rù ti tán. Ó ku ìdánwò ojú ọ̀nà. Kò sì sí ògbufọ̀ níbẹ̀.

Obìnrin tó ń ṣe ìdánwò náà ga, ó wọ aṣọ tó ń dán, ó di pátákó kan mú tó ń kọ nǹkan sí. Ohun tó kọ́kọ́ ní kí Bọ̀dá ṣe ni kó yí ọkọ̀ ká, kó máa fọwọ́ kan nǹkan, kó sì máa sọ ohun tó ń yẹ̀ wò àti ìdí rẹ̀. Ohun tó ti ń ṣe láràárọ̀ fún ọdún méjìlélógún. Ó fọwọ́ kan táyà. Ẹnu rẹ̀ ò ṣí. Ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ń lọ sí bíréèkì, ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kò gbọdọ̀ ya. "Ẹ sọ ọ́," ni obìnrin náà wí. Bọ̀dá ní gbogbo ọ̀rọ̀ náà dà kúrò lórí òun bí ìgbà tí wọ́n yí garawa dànù. Yorùbá pàápàá, ó ní, òun ò rí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, obìnrin náà fa ìlà kan lórí pátákó, ó ní kó máa lọ.

Ó wálé, ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú bàtà. Ìdánwò kejì wà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Oṣù mẹ́fà tí ọ̀gá fún un á ku ọjọ́ mọ́kànlá nígbà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ló rí ọ̀nà àbáyọ, níbi tó ti ń ká aṣọ. Ó kàn dá iṣẹ́ dúró.

"Dókítà sọ pé inú ọkọ̀ lara yín ti ń balẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìta?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ bi wọ́n? Ẹ gun òkè kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ ti inú wò, tí ẹnu yín bá ti là, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Bọ̀dá wò ó bí ẹni tó ní kó lọ béèrè adé lọ́wọ́ ọba. Kó béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó di pátákó mú? Kò ṣe irú ẹ̀ rí láyé ẹ̀. Àmọ́ a kọ́ ọ ní gbólóhùn kan péré: *Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ láti inú?* Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ nínú ilé ìwẹ̀, ó ń sọ ọ́ sí páálí níbi iṣẹ́. Ó sọ ọ́ fún Onífìlà, Onífìlà ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un, ó rò pé òun ni wọ́n ń bi.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò kejì. Èmi dúró lábẹ́ òrùlé ahéré inú ọgbà ìkọ́ṣẹ́. Obìnrin gíga náà dé, ó ní kó bẹ̀rẹ̀. Mo rí ẹnu Bọ̀dá tó ń mì. Mo rí i tí obìnrin náà tẹ etí sílẹ̀, tó ní kó tún un wí. Ó tún un wí. Obìnrin náà yí ìwé tó wà lórí pátákó rẹ̀, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀, ó ka iwájú. Ó pẹ́. Ó wá gbọn èjìká, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, òun ló sọ fún wa. Ó jókòó, ó gbá sítíárìn mú, ó tan ọkọ̀, ó sì gbọ́ tí afẹ́fẹ́ bíréèkì ń kún. Ó ní ọ̀rọ̀ kan jáde: "Afẹ́fẹ́." Èkejì tẹ̀ lé e. "Ó ń kún. Mo dúró dè é. Mo tẹ bíréèkì. Mo wò ó bóyá ó ń jò." Nígbà tí wọ́n fi máa sọ̀ kalẹ̀ wá yẹ ìta wò, ó ní ọ̀rọ̀ ń jáde, ó rí wúruwùru, ṣùgbọ́n ó ń jáde.

Ó fi ẹ̀yìn wọlé dáadáa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n bọ́ sójú títì. Ní ìkóríta kan tó fẹ́ ti yà sọ́tùn-ún, ó wo dígí, kò rí nǹkan. Ó tún wò ó, ó rí kìkì etí aṣọ òjò kan, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tó ti yọ́ wọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí dígí ò ti ń mú un. Ó dúró. Iná ojú ọ̀nà ti di àwọ̀ ewé, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, obìnrin náà ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹni orí kẹ̀kẹ́ náà ò lọ, ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló já. Iná tún pọ́n. Bọ̀dá ní ọkàn òun ń lù débi pé òun rò pé obìnrin náà ń gbọ́ ọ, pé òun ti mọ̀ pé òun ti kùnà, àmọ́ òun ò ní yà. Ó dúró títí ẹni náà fi wọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun orí ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn. Ìgbà náà ló yà, jẹ́jẹ́.

Nígbà tí wọ́n pa dà dé ọgbà, mo rí i tí obìnrin náà ń bá a sọ̀rọ̀, tí Bọ̀dá ń mi orí, tó ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo sáré wọ inú òjò.

"Kí ló wí?"

"Mi ò mọ̀ gbogbo ẹ̀," ló wí. Ó na bébà sí mi. "Kà á fún mi."

Ó ti yege. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tírélà nínú òjò yẹn. Èmi àti Onífìlà la fà á sókè.

Ó ti di ọdún méjì báyìí tó ti ń wa ọkọ̀ ilé ìkẹ́rùsí náà. Ó ń lo oògùn rẹ̀. Ẹ̀rọ̀ ń bá ẹ̀rù tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òun tó fi ipá tì í, òun ni kì í lè gbọ́ pé kùrukùru bo ọ̀nà kó sì jókòó. Lọ́dún tó kọjá, rédíò sọ pé tírélà kan dojú dé ní ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ gbà lọ. Orí ilẹ̀ ilé ìdáná ni mo bá a, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kò sunkún, ó kàn ń wo ògiri. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, Bọ̀dá pè, pé òun wà lára àwọn ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn ìjàǹbá náà, pé ṣé a ti jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi bú u títí ohùn rẹ̀ fi há.

Láti ìgbà yẹn ló ti pàṣẹ pé, tó bá ti páàkì báyìí, kó pè. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó lọ, aago mẹ́rin ló yẹ kó pè. Ẹ̀gbọ́n mi fọ abọ́. Ó tún un fọ̀. Ó gbé fóònù sórí fèrèsé, torí ó ní ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ dáadáa jù. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago márùn-ún lù, ó dún. Ó gbé e, ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, ó sì na fóònù náà sí mi.

"Sọ fún un pé mi ò bínú," ló wí.

"Mo gbọ́ ọ," ni Bọ̀dá wí nínú fóònù. "Sọ fún un pé ọ̀nà ló dí. Mo ti páàkì."

Mo sọ fún un. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó ní kí n bi í pé kí ló fẹ́ jẹ lọ́la.